Aṣọ fún Afẹ́fẹ́

Owó ìránṣọ oṣù mẹ́wàá ló wà nínú agolo mílíìkì,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà, ó lé igba.
Mo gbé e kúrò ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
mo wọ ọkọ̀ Igbókòdá.
Àwọn tá a jọ jókòó ń lọ ra ẹja.
Èmi ń lọ ra aṣọ fún afẹ́fẹ́.

Orímisàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ti dúró létí omi,
ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá yẹ àna wò.
Nígbà èwe rẹ̀, àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n ń rán pọ̀,
wọ́n á fi ta ìgbòkun, ọkọ̀ á gbé wọn dé ibi ẹja.
Kò bi mí ìdí tí aránṣọ fi fẹ́ gun omi.
Ó ní, "Mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Akínjagunlà tú ẹrù tòkunbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.
"Gbé ti mítà méje yìí! Aṣọ púpọ̀, owó kan náà."
Ọkàn mi fẹ́ gbà; aránṣọ wo ló ń kọ aṣọ púpọ̀?
Orímisàn ní, "Ẹ̀wù tó bá ju ọmọ lọ, òun ní í wọ ọmọ.
Kó o tó fà á sókè nínú omi, apá ẹ á ti kú."
A mú ti mítà márùn-ún.

Mo gbé e kọjú sí oòrùn,
bí mo ṣe máa ń wo léèsì kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.
Ojú fèrèsé rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ajobì,
ṣùgbọ́n kò là.
Mo fi èékánná fa òwú etí rẹ̀: ó já.
Mo fà á níbòmíràn: ó já.
Oòrùn ti jẹ òwú, kò tíì jẹ aṣọ.
Akínjagunlà gbójú sílẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín nínú.
Ta ló ń fi òwú já dẹ́rù ba èmi?

Òpó méjì ló wà.
Èyí tó dúdú, tó fúyẹ́ bí esùsú, owó rẹ̀ tó owó ilé.
Èkejì wúwo, ara rẹ̀ ti bó.
Mo fi ìka kàn án láti ìdí dórí,
kò síbi tó dún bí igbá tó sán.

Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pè mí.
"Ṣé o ti mọ ìdúró ni, tó o fẹ́ sáré?"
Mo fi í sílẹ̀. Mo mú èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn,
tó ní ojú àpá mẹ́ta, tí ìrù abẹ́ rẹ̀ ṣì le.
Mo gbé e, mo mì ín:
omi kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún."
"Ogójì."
Ó wo agolo mi. "Ṣé mílíìkì lo wá rà ni?"
Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, a bára wa ní ọgọ́ta.
Ó tún fa ìbọ̀wọ́ yọ, ó fa awò ojú yọ;
Orímisàn mi orí.
Ẹ̀wù aléfòó nìkan ló tọ́ka sí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.
Lórí ìyẹn, a ò ná ọjà.

Lálẹ́, lábẹ́ iná àtùpà, mo tú etí ìgbòkun,
mo fi abẹ́rẹ́ jíìnsì rán an padà ní ìlọ́po méjì.
Òwú pupa ni. Òun ló kù nínú àpò mi.

Lọ́jọ́ kejì, lórí ọ̀sà, níbi tí omi kò ju àyà lọ,
mo ṣubú.
Àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ bá mi kà á:
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá.
Lẹ́yìn náà, wọn ò kà mọ́.
Mo wolẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí pátákó,
pé etí omi ń lọ sẹ́yìn,
pé òwú pupa náà na,
ó na,
kò já.

Igba méjìlá náírà dín igba ló kù nínú agolo.
Mi ò tíì ronú owó ọkọ̀ Àkúrẹ́.